Káàdì gíráfíìkì kan, ẹni mẹ́rin: ẹ jẹ́ ká yé wá PS5 kiri

1/ Ẹ̀yin tèmi, èrò mi rèé, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Àwa ọ̀dọ́ Ìjerò, Aràmọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, kì í ṣe PS5 lọ́kọ̀ọ̀kan la nílò. Kọ̀ǹpútà kan tó lágbára, tí ẹni mẹ́rin lè máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá wa mu. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń pín in ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Thread gígùn ni o 🧵

2/ Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ládùúgbò yín. TV mẹ́ta tàbí mẹ́rin, PS tòkunbọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn, pádì tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù dì, jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń ké níta. Bí oníbàárà bá pọ̀ sí i, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ra PS mìíràn, TV mìíràn, àti epo sí i. Báwo ni èrè á ṣe dúró níbẹ̀?

3/ Àtìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ pé ilé epo ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Owó tí ẹ san fún match kan ti wọnú táńkì kí àbọ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Tí wọ́n bá fowó lé e, ẹ má bínú sí wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń bọ́ ló pọ̀ jù.

4/ Àwọn kan á ní, "Ṣebí cloud gaming ti dé, kí lẹ tún fẹ́ fi PS ṣe?" Òótọ́ ni pé ó ti dé. GeForce NOW tí NVIDIA ṣe ti ṣílẹ̀kùn fún aráàlú láti oṣù Kejì ọdún 2020. Inú kọ̀ǹpútà wọn lọ́hùn-ún ni géèmù ti ń ṣiṣẹ́, àwòrán nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ojú Èkìtì ṣírò rẹ̀.

5/ Ká bẹ̀rẹ̀ látorí dátà. NVIDIA fúnra wọn sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì yín gbọ́dọ̀ tó megabit 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àwòrán 720p tó lè máa wọlé dáadáa. Ẹ fi 15 ṣe ìlọ́po 3,600, kí ẹ pín in sí 8. Ó di 6,750 megabyte. Wákàtí kan péré ti jẹ dátà tó sún mọ́ 7GB!

6/ Ẹ sì rántí pé lóṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ta ni nínú wa tó fẹ́ fi 7GB gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan? Ẹni tó bá lówó yẹn, kó ra PS rẹ̀, kó lọ sùn.

7/ Ọ̀nà tún jìn. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Portugal wá sí Lagos ní 2010, ó gùn tó 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ nínú okùn fiber ń sáré bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ rẹ̀ jẹ́ millisecond 35, àbọ̀ rẹ̀ 35. Ó di 70, a ò tíì ka ti Lagos sí Ẹ̀fọ̀n mọ́ ọn, a ò sì tíì ka ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

8/ Géèmù tó ń fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ò lò tó millisecond 17. Ìyẹn ni pé àwòrán mẹ́rin ti kọjá kí ohun tí ẹ tẹ̀ tó hàn sójú yín. Ẹ tẹ shoot, gólì kípà ti gbé bọ́ọ̀lù lọ ilé. Kò sí subscription tó lè mú kí Yúróòpù sún mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni.

9/ Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé nǹkan ẹlòmíràn ni. Google gbé Stadia jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2019. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ti pa á dé. Lóòótọ́, wọ́n dá owó padà fáwọn tó ra géèmù lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ilẹ̀kùn ti tì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, Nàìjíríà náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ tó wà lókè òkun, ẹlòmíràn ló di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú.

10/ Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ ká gbé cloud yẹn wálé. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe awo. Ohun méjì ni: virtual machine, tí wọ́n ń pè ní VM, àti pípín káàdì gíráfíìkì. A lè ṣe méjèèjì nínú yàrá kan ní Ìjerò.

11/ Kí ni VM? Ẹ rántí Ìkógòsì, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Aràmọkọ. Ilẹ̀ kan náà ni, omi gbígbóná ń sun lọ́tọ̀, omi tútù ń sun lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni VM ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, àmọ́ Windows ń ṣiṣẹ́ lápá kan, Linux ń ṣiṣẹ́ lápá kejì, oníkálukú rò pé òun nìkan lòun wà níbẹ̀. Ti Ìkógòsì kàn máa ń pàdé nísàlẹ̀ ni, ti VM kì í pàdé.

12/ Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, torí ó dùn mọ́ mi gan-an. Ọdún 1972 ni IBM kéde VM/370. Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn wọ́n gógó, kò ṣeé rà fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá pín ọ̀kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ò rí i? Àìtó owó ló bí VM. Ìṣòro tiwa gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

13/ Káàdì gíráfíìkì ló ṣòro pín. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti RAM ti ṣeé pín tipẹ́, àmọ́ káàdì tó ń ya àwòrán géèmù máa ń fẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Nígbà kan, bí ẹ bá gbé káàdì GeForce lé VM lọ́wọ́, Code 43 ló máa kọ sí yín lójú, kò ní ṣiṣẹ́. Ọdún 2021 ni NVIDIA tó ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀ nínú driver wọn.

14/ Ọ̀nà méjì ló wà lónìí. Àkọ́kọ́: ẹ gbé odidi káàdì kan fún VM kan. Tí káàdì bá jẹ́ méjì nínú kọ̀ǹpútà kan, ẹni méjì á jókòó tì í. Èyí ló rọrùn jù, òun sì ni mo máa sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀. Linux ti ní KVM nínú láti 2007, ọ̀fẹ́ ni. Proxmox tó wà lórí rẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni.

15/ Ìkejì: ẹ pín káàdì kan ṣoṣo. AMD ṣe FirePro S7150 ní 2016, káàdì yẹn lè pín ara rẹ̀ fún ẹni 16. Intel fi GVT-g sínú chip láti ìran karùn-ún Core wọn, ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà ló ní in láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á mọ̀. Hyper-V inú Windows Pro náà lè gé káàdì lásán fún VM. Microsoft ò pariwo rẹ̀ fún àwa ará ilé, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

16/ Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín o. Pípín kì í sọ nǹkan di púpọ̀. Àmàlà abọ́ kan tí ẹni mẹ́rin jẹ, abọ́ kan ṣì ni. RTX 3060 tó jáde ní 2021 ní memory 12GB. Ẹ pín in sí mẹ́rin, 3GB ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò ní gbé géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yìí pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

17/ Kí ló lè gbé? Géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Géèmù PSP lórí PPSSPP. Géèmù PS2 lórí PCSX2. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: kí làwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń gbá lónìí? Bọ́ọ̀lù, ìjà, eré ọkọ̀. Mélòó ló ń bèèrè 4K? Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kó má dúró lójijì, kí pádì sì dáhùn.

18/ Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da emulator pọ̀ mọ́ VM. Emulator, ògbufọ̀ ni. Chip inú PS2 ń sọ èdè tí kọ̀ǹpútà yín ò gbọ́, PCSX2 ń jókòó láàárín, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní kánmọ́kánmọ́. VM kì í ṣe ògbufọ̀, lándílọ́ọ̀dù face-me-I-face-you ni: ilé kan, yàrá púpọ̀, oníkálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú ètò tí mò ń sọ, ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan.

19/ "TV mẹ́rin ńkọ́?" Ẹ má rà á. Fóònù àti laptop àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé díẹ̀ ló máa ṣe ojú. Sunshine máa wà lórí VM, Moonlight máa wà lórí fóònù, méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwòrán á gba inú router ṣọ́ọ̀bù kọjá. Kò jẹ dátà rárá! Kódà kí router yẹn má ní sim nínú, ó máa ṣiṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ inú yàrá kan ni.

20/ Ẹ tún ṣírò rẹ̀. Ẹni mẹ́rin, megabit 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 60 ni gbogbo rẹ̀. Router gidi tó ní 5GHz máa gbé e, wáyà network á sì gbé e láìmí. Ọ̀nà tó jẹ́ 7,000 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan ti di mítà márùn-ún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

21/ Iná ńkọ́? PS4 àkọ́kọ́ máa ń jẹ bíi watt 140 tí géèmù bá ń lọ. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 560, a ò tíì ka TV. RTX 3060 jẹ́ 170. Tí a bá fi ìyókù kọ̀ǹpútà kún un, ká pè é ní 350. Fóònù ń gbé iná tiwọn wá látilé. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour lè gbé 350. Kò lè gbé ti àkọ́kọ́ yẹn.

22/ Ó níbi tí ètò yìí kù sí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Géèmù orí ayélujára kan kì í fẹ́ rí VM sójú. Vanguard tó ń ṣọ́ Valorant kì í gbà kí VM wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbá Valorant, kó wá kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Bákan náà, bí ẹ̀rọ kan yẹn bá kú, ẹni mẹ́rin ló máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹnikẹ́ni ta PS tó ní. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbàjẹ́. Ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà VM yín sórí hard disk mìíràn, torí fáìlì lásán ni, ó ṣeé kó.

23/ Òfin náà ń bẹ. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá Connectix láre nínú ẹjọ́ tí Sony pè é nítorí emulator PlayStation tí wọ́n ṣe. Emulator fúnra rẹ̀ kì í ṣe olè. Géèmù tí ẹ ò rà tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà, ìyẹn lọ̀rọ̀. Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ ẹ̀dà ti 2022. Bí ẹni mẹ́rin bá fẹ́ gbá géèmù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ka ẹ̀dà mẹ́rin sínú owó yín, Windows náà bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ẹ fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bíi SuperTuxKart.

24/ Mo mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa sọ: "Géèmù ló ń ba ọmọ jẹ́." Mo sì mọ ohun tí agbófinró máa sọ bí wọ́n bá rí ọ̀dọ́ mẹ́rin pẹ̀lú laptop nínú yàrá kan. Lẹ́yìn EndSARS oṣù Kẹwàá ọdún 2020, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ̀rù yẹn kò ní ìdí. Ìdáhùn mi ni pé ká má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Kó wà lójú títì, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí pátákó wà níwájú, kí ojú kọ̀ǹpútà kọ síta.

25/ Kí ẹ̀rọ náà sì níṣẹ́ òwúrọ̀. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo UTME sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ kan wà ní abúlé wa tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ máa fọwọ́ kan mouse. Wọ́n mọ ìwé, ọwọ́ wọn ni kò mọ ẹ̀rọ, àkókò sì ń lọ. VM mẹ́rin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, lè di ìjókòó mẹ́rin fún ìdánrawò JAMB láàárọ̀. Ẹ ò ní ra ohunkóhun kún un. Ìyá tó bá rí ìyẹn, ẹnu rẹ̀ á yí padà.

26/ Èyí tó wá ká mi lára jù lọ ni iṣẹ́. Lóṣù Keje ọdún 2025, MTN ṣí ilé dátà ńlá kan ní Ìkẹjà, wọ́n ń ta cloud níbẹ̀. Kí ló wà nínú cloud? VM ni. Ẹni tó ti pín kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ mẹ́rin ní Aràmọkọ, tó mọ ìdí tí ti ẹnìkan fi ń fà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé VM láti disk kan sí òmíràn, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló ti mọ̀ yẹn. Kò ní certificate, àmọ́ ó ti ní ọwọ́.

27/ Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìjọba Èkìtì já owó tí wọ́n ń gbà kí iléeṣẹ́ tó ri okùn fiber mọ́lẹ̀ wálẹ̀, láti ₦4,500 sí ₦145 fún mítà kan. Ìpinnu tó dáa ni. Àmọ́ títì láìsí awakọ̀, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn lé e. Ta ló máa lo okùn yẹn tó bá dé Ìjerò? Ṣé wíwo fídíò àwọn ẹlòmíràn nìkan la máa fi ṣe?

28/ Ìmọ̀ràn mi rèé. Àwọn bàbá wa kì í dá oko ńlá ro. Wọ́n ń ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Àwọn ìyá wa ń dá èésú. Ẹni mẹ́jọ tó bá ń dá owó dátà géèmù oṣù kan jọ, kó pẹ́ jù, wọ́n á ra desktop tòkunbọ̀ kan. Ẹ má yá owó lọ́wọ́ àwọn app ayánilówó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì ra káàdì láìgbé e sínú ẹ̀rọ kí ẹ gbá géèmù lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á.

29/ Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: VM kan, Linux kan, kò sí géèmù. Ọ̀sẹ̀ kejì: Sunshine àti Moonlight, ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pín káàdì. Ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ bá ṣe sílẹ̀, kí ará Ẹ̀fọ̀n lè ka ti ará Ìjerò, kó má tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pàápàá, torí àbúrò yín náà máa kà á.

30/ Mo ti sọ tèmi. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ní desktop tó ń gba eruku nílé, kó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, orúkọ ìlú nìkan o, ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù síta. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni mẹ́jọ wà ní Ìjerò, mẹ́jọ ní Aràmọkọ, mẹ́jọ ní Ẹ̀fọ̀n. Tí wọ́n bá wà, ó tó ká bẹ̀rẹ̀.